Wọ́n ní kí n fọwọ́ síwèé kí n gbowó lọ: ṣé kí n wá lọ́yà ni?

Obìnrin kan ló kọ̀wé sí mi láti Ọ̀tà. Mo yọ orúkọ rẹ̀ àti ti ilé-iṣẹ́ náà kúrò, ohun tó kù rèé: “Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ilé-iṣẹ́ wa fẹ́ dín òṣìṣẹ́ kù, orúkọ mi sì wà lára àwọn tó ń lọ. Sítọ́kípà ni mí. Ọdún kẹrìnlá mi rèé níbẹ̀. Ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́, kàṣúálì ni mo fi ṣe kí wọ́n tó fún mi ní lẹ́tà. Wọ́n gbé ìwé ojú ewé mẹ́ta fún mi, wọ́n ní kí n fọwọ́ sí i kó tó di ọjọ́ Ẹtì, pé wọ́n á san ₦1,045,000. Wọ́n tún ní kí n fi ọwọ́ ara mi kọ lẹ́tà pé mo fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀, pé ìyẹn ló máa jẹ́ kí owó tètè jáde. Owó oṣù mi lápapọ̀ jẹ́ ₦190,000, bésíìkì inú rẹ̀ (owó iṣẹ́ gan-an láìka alawansi) sì jẹ́ ₦95,000. Ọkọ mi ní kí n gbà á kí wọ́n má baà yí ọkàn padà. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ní dandan ni kí n rí lọ́yà, pé òfin ni. Ẹ̀rù ń bà mí pé lọ́yà á jẹ nínú owó kékeré yìí, tàbí kí ilé-iṣẹ́ bínú pé mo fẹ́ pe àwọn lẹ́jọ́. Kí ni kí n ṣe?”

Ẹ pẹ̀lẹ́, arábìnrin mi. Ọdún mẹ́rìnlá kì í ṣe ọjọ́ mẹ́rìnlá. Mi ò ní fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n: ẹ rí lọ́yà kí ẹ tó fọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n ìjókòó kan ṣoṣo láti bá yín ka ìwé náà ti tó, kì í ṣe láti gbé ẹnikẹ́ni lọ sí kóòtù. Kí ẹ tó lọ, iṣẹ́ kan wà tí ẹ̀yin fúnra yín máa fi fóònù yín ṣe lálẹ́ òní. Ní ti lẹ́tà tí wọ́n ní kí ẹ kọ yẹn, ẹ má kọ ọ́. Ẹ má tilẹ̀ mú bírò. Ọdún méjìlélógún ni mo fi ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì HR (ẹ̀ka tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́) àwọn ilé-iṣẹ́ ní Ìkẹjà àti Àgbárá kí n tó fẹ̀yìn tì, irú ìwé tí wọ́n gbé fún yín yẹn sì ti ti ọwọ́ mi jáde lọ́pọ̀ ìgbà. Lọ́yà kọ́ ni mí o. Ohun tí mo mọ̀ ni bí ìwé náà ṣe máa ń rí lójú àwọn tó jókòó kọ ọ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ti ẹ̀gbọ́n yín. Òótọ́ ló sọ, àmọ́ òótọ́ ibi tí ó ń gbé ni. Ní Ìlú Ọba, òfin ẹ̀tọ́ òṣìṣẹ́ tí wọ́n ṣe ní 1996 sọ pé bí òṣìṣẹ́ bá fẹ́ bá agbanisíṣẹ́ ṣe irú àdéhùn yìí pé òun kò ní pè é lẹ́jọ́ mọ́ lórí àwọn ẹ̀tọ́ tó wà nínú òfin náà, àdéhùn ọ̀hún kò lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀ àfi tí lọ́yà tàbí olùgbaninímọ̀ràn mìíràn tí kì í ṣe ti agbanisíṣẹ́ bá ti là á yé e. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ níbẹ̀ fi ń bá òṣìṣẹ́ dá sí owó lọ́yà: ìwé tiwọn ni wọ́n ń dáàbò bò. Ní Amẹ́ríkà, ẹni tó bá ti pé ọmọ 40 ọdún, tí wọ́n fẹ́ kó jáwọ́ nínú ẹ̀sùn pé ọjọ́ orí ni wọ́n fi lé òun, ní ó kéré tán ọjọ́ 21 láti rò ó, ó tún ní ọjọ́ 7 láti yí ọkàn padà lẹ́yìn tó bá ti fọwọ́ sí i. Nàìjíríà kò ní irú rẹ̀. Níbí, tí ẹ bá fọwọ́ sí i ní aago mẹ́wàá àárọ̀, nígbà tó bá fi máa di aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú kan, ó ti parí. Òfin kankan ò fi dandan lé e pé kí ẹ rí lọ́yà, kò sì sí ẹni tó máa bá yín sanwó rẹ̀. Lójú tèmi, ibi tí òfin kò ti fún ènìyàn ní ọjọ́ ìrònú gan-an ló yẹ kéèyàn ti wá ẹni tó máa bá òun kàwé.

Ó yá, ẹ mú fóònù yín. Ẹ fi ₦95,000 pín ₦1,045,000. Mọ́kànlá ló máa jáde, kò ṣẹ́ kù rárá. Owó kì í ṣèèṣì pé géérégé báyẹn. Ẹni tó ṣírò rẹ̀ fi bésíìkì oṣù kan san ọdún kọ̀ọ̀kan, ó sì ti yọ ọdún mẹ́ta kàṣúálì dànù. Bí ó bá ka ọdún mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá lórí bésíìkì, ₦1,330,000 ni ì bá jẹ́. Bí ó bá sì jẹ́ owó oṣù lápapọ̀ ni ìlànà ilé-iṣẹ́ yín ní kí wọ́n fi ṣe é, ₦2,660,000 ni. Mi ò sọ pé èyí tó tóbi jù ni ẹ̀tọ́ yín o. Ní ọ̀pọ̀ fákítọ̀rì tí mo mọ̀, bésíìkì ni wọ́n ń lò, ó sì wà lákọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tí mò ń sọ ni pé ẹ ò tíì mọ èyí tó jẹ́ tiyín nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹni tó ṣírò rẹ̀ sì mọ̀. Ohun mìíràn tún wà nínú mọ́kànlá géérégé yẹn: kò sí owó nótíìsì nínú rẹ̀. Labour Act, òfin iṣẹ́ Nàìjíríà, sọ pé ẹni tó bá ti lo ọdún márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ gba nótíìsì oṣù kan lórí ìwé, tàbí kí wọ́n san owó dípò rẹ̀, láìka alawansi àti ofataimu mọ́ ọn. Kò sí owó lífù tí ẹ ò tíì lọ nínú rẹ̀, kò sí owó ọjọ́ tí ẹ ti ṣiṣẹ́ nínú oṣù yìí. Ó lè jẹ́ pé wọ́n fẹ́ san àwọn yẹn lọ́tọ̀. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú iye tó jẹ́.

Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ gbà pé òfin Nàìjíríà ló ní kí wọ́n san oṣù kan fún ọdún kan. Kò sí níbẹ̀. Ohun tí abala 20 Labour Act sọ ni pé bí iṣẹ́ bá fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ nítorí pé ènìyàn ti pọ̀ ju iṣẹ́ lọ, èyí tí à ń pè ní rìdọ́ńdáńsì, agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ fi tó ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ létí, kó sọ ìdí rẹ̀ àti bó ṣe máa pọ̀ tó. Ẹni tó dé kẹ́yìn ló yẹ kó kọ́kọ́ lọ, àmọ́ wọ́n lè wo ẹni tó mọ iṣẹ́ jù tó sì ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé. Ó sì gbọ́dọ̀ sa gbogbo ipá rẹ̀ láti dúnàádúrà lórí owó tí àwọn tó ń lọ máa gbà. Dúnàádúrà lòfin wí. Iye náà fúnra rẹ̀, inú handbook (ìwé ìlànà òṣìṣẹ́) ilé-iṣẹ́ yín ló máa wà, tàbí inú àdéhùn tí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ bá àwọn agbanisíṣẹ́ ẹ̀ka iṣẹ́ yín ṣe. Ẹ wá ìwé méjèèjì. Bí HR ò bá fún yín ní handbook, sẹ́kírétìrì ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ní ẹ̀ka yín máa ń ní ẹ̀dà kan tí etí rẹ̀ ti ya. Òfin yìí kan sítọ́kípà, torí òṣìṣẹ́ alágbára àti òṣìṣẹ́ akọ̀wé ló ń dáàbò bò. Kò kan ọ̀gá àgbà, ẹ̀ńjíníà àti àwọn amọ̀ṣẹ́dunjú. Ìwé tí wọ́n fi gbà wọ́n síṣẹ́ ni tiwọn. (Mo ti rí mánéjà tó ń fi abala 20 halẹ̀ mọ́ mi rí. Ẹ̀rín ni mò ń rín nínú.)

Ọ̀rọ̀ ọdún mẹ́ta kàṣúálì ni ibi tó ti yẹ kí lọ́yà kọ́kọ́ wò. Labour Act kan náà sọ pé kò gbọdọ̀ ju oṣù mẹ́ta lọ lẹ́yìn tí òṣìṣẹ́ bá ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí agbanisíṣẹ́ fi máa fún un ní ìwé tó sọ bí iṣẹ́ náà ṣe rí. Ẹ̀yin lo ọdún mẹ́ta láìrí nǹkan kan. Bí ó bá jẹ́ ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ló ń sanwó yín nígbà yẹn, ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu yín dáadáa. Bí ó bá sì jẹ́ kọ́ńtíráktọ̀ ló kó yín wá, tí owó ń gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá, á nira díẹ̀, mi ò fẹ́ fi ìrètí òfo gbé yín gun òkè. Ẹ wá ẹ̀rí: káàdì tí ẹ fi ń wọ géètì, ìwé báńkì ìgbà náà, fọ́tò àjọyọ̀ òpin ọdún tí ọjọ́ wà lẹ́yìn rẹ̀ pàápàá.

Nísinsìnyí, lẹ́tà yẹn. Rìdọ́ńdáńsì túmọ̀ sí pé iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ yín, kì í ṣe pé ẹ jù ú sílẹ̀. Bí ẹ bá fi ọwọ́ ara yín kọ ọ́ pé ẹ̀yin lẹ fẹ́ lọ, gbogbo ohun tí mo kọ sókè yìí bá omi lọ. Ó tilẹ̀ lè di pé ẹ̀yin lẹ jẹ ilé-iṣẹ́ ní nótíìsì. Kí ló dé tí wọ́n fi ń béèrè fún un? Kí iye àwọn tí wọ́n dá dúró lè kéré lórí ìwé ni, kí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ má rí ibi dì mú. Ní ọ́fíìsì tiwa, a máa ń sọ fún òṣìṣẹ́ pé kó má baà ba orúkọ rẹ̀ jẹ́ níbi iṣẹ́ mìíràn ni. Àwa tí a ń sọ ọ́ mọ̀ pé irọ́ ni. Ẹ fi pẹ̀lẹ́tù dá wọn lóhùn pé ẹ máa gba lẹ́tà tí ilé-iṣẹ́ bá kọ sí yín, ṣùgbọ́n ẹ ò tíì pinnu láti fi iṣẹ́ sílẹ̀, nítorí náà ẹ ò lè kọ ohun tí kò ṣẹlẹ̀. Bí wọ́n bá ní láìsí lẹ́tà kò sówó, ẹ ní kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ yẹn gan-an sórí ìwé tàbí kí wọ́n fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Mi ò tíì rí HR tó kọ ọ́.

Ibi tó dẹ́rù bà mí jù nínú irú ìwé báyìí kì í sí lójú ewé tí owó wà. Ẹ ṣí i dé ojú ewé kẹta, lókè ibi tí ẹ máa fọwọ́ sí. Ẹ máa rí gbólóhùn kan tó sọ pé owó yìí ni “full and final settlement”, pé ẹ ò ní nǹkan kan mọ́ lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́, yálà èyí tí ẹ mọ̀ tàbí èyí tí ẹ ò mọ̀. Ní ilé-iṣẹ́ kan tí mo ti ṣiṣẹ́, awakọ̀ fọ́kílíìtì kan fi ìwé tirẹ̀ lé orí bọ́nẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́, bírò tèmi ló yá. Ó bi mí pé, “Ọ̀gá, ṣé ó pé?” Mo ní ó pé. Lójú ìwé tí mo ní lọ́wọ́, ó pé lóòótọ́. Oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà ló dé pẹ̀lú ìwé àkáǹtì pẹ́ńṣàn rẹ̀: oṣù méje wà tí a ti yọ owó lára owó oṣù rẹ̀ tí a kò fi ránṣẹ́, ofataimu oṣù mẹ́ta sì wà tí a kò san. Lọ́yà ilé-iṣẹ́ kàn nawọ́ sí ibi tó fọwọ́ sí ni. Owó pẹ́ńṣàn, ó rí i gbà nígbẹ̀yìn nípasẹ̀ PenCom, àjọ ìjọba tó ń mójú tó pẹ́ńṣàn, torí òfin ló fi lélẹ̀, ìbuwọ́lùwé kò lè pa á. Ofataimu bá gbólóhùn yẹn lọ. Bírò mi ni mo máa ń rántí.

Ṣé ẹ rí i, kì í ṣe gbogbo nǹkan ni gbólóhùn yẹn ń gbé lọ, iṣẹ́ lọ́yà sì ni láti sọ èyí tó lè gbé àti èyí tí kò lè gbé. Ẹ má gbàgbọ́ pé bí ẹ bá kọ “under protest” (pé ẹ gbà á pẹ̀lú àtakò) sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ yín, ẹ ti bọ́. Ó sàn ju kí ẹ má kọ nǹkan lọ, ó ń fi hàn pé ẹ ò gbà pé ó pé. Ṣùgbọ́n Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ti sọ ọ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ pé òṣìṣẹ́ tó gba owó tí wọ́n fi yọ ọ́ níṣẹ́ kò lè padà wá wí pé wọn ò yọ òun bó ṣe yẹ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí lọ́yà kò lè ṣe pẹ̀lú, nítorí àwọn kan á ṣèlérí rẹ̀ fún yín. Ní ilé-iṣẹ́ aládàáni, kóòtù kì í sábà dá òṣìṣẹ́ padà sẹ́nu iṣẹ́. Bí wọ́n bá tilẹ̀ dá yín láre, owó nótíìsì àti ẹ̀tọ́ tó wà lákọsílẹ̀ ni ó sábà máa ń jẹ́. National Industrial Court, ilé-ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ òṣìṣẹ́ àti agbanisíṣẹ́, tí àtúnṣe òfin orílẹ̀-èdè ní 2010 fún lágbára púpọ̀, ti ń fún àwọn mìíràn ní ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ẹ má ti ìtorí ìyẹn yá owó ra ilẹ̀. Nínú ọ̀rọ̀ tiyín, bí ó bá jẹ́ ọdún mẹ́ta kàṣúálì nìkan ló kù, ₦285,000 là ń jà fún, pẹ̀lú nótíìsì ₦95,000 lórí rẹ̀. Lọ́yà tó bá béèrè ₦300,000 kó tó ka ìwé ojú ewé mẹ́ta ti jẹun kí ẹ̀yin tó débẹ̀. Ẹ béèrè iye tó ń gbà fún ìjókòó kan, kí ẹ gbọ́ ọ kí ẹ tó gbé ìwé jáde nínú báàgì. Ẹ má gbà fún ẹni tó bá ní òun á pín owó tó wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bí ó bá máa gba ìdá, kó jẹ́ lórí ohun tí òun bá fi kún un. Kí ó jẹ́ lọ́yà tó ń ṣe ẹjọ́ òṣìṣẹ́, kì í ṣe èyí tó bá yín ṣe ìwé ilẹ̀, bó ti wù kí ó mọ̀wé tó. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ yín máa ń ní lọ́yà tiwọn. Owó ẹgbẹ́ tí wọ́n ti ń yọ lára owó oṣù yín ní gbogbo ọdún wọ̀nyí, ibí yìí ni kí ẹ ti jẹ èrè rẹ̀. Legal Aid Council, àjọ ìjọba tó ń bá aláìní wá lọ́yà lọ́fẹ̀ẹ́, wà ní Abẹ́òkúta, àmọ́ àwọn tí owó tó ń wọlé fún wọn kò ju owó oṣù tó kéré jù lórílẹ̀-èdè lọ ni wọ́n dìídì wà fún.

Ní ti pé ilé-iṣẹ́ á bínú: mo ti wà níbi tí wọ́n ti ń bínú. Ohun tó ń bí HR nínú ni lẹ́tà lọ́yà tó kún fún ìhàlẹ̀ tó dé ní ọjọ́ kejì, kí ẹnikẹ́ni tó bá wa sọ̀rọ̀. Nígbà náà ni a máa ń ti fáìlì náà sí ọwọ́ lọ́yà tiwa, tí owó á sì dúró. Ẹni tó wá pẹ̀lú ìwé tirẹ̀, tó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo ṣírò rẹ̀, kò bá ohun tó wà ní handbook mu,” a máa ń yẹ ìyẹn wò, nígbà mìíràn àṣìṣe wa ni. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí lọ́yà dúró lẹ́yìn. Kí ó sọ ohun tí ẹ máa kọ fún yín, kí ẹ kọ ọ́ ní orúkọ yín. Ìbẹ̀rù ọkọ yín pé wọ́n lè yí ọkàn padà, mi ò fi ṣẹ̀fẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ilé-iṣẹ́ náà ti fẹ́ kógbá sílé, tí owó oṣù ti ń pẹ́, owó tó wà lọ́wọ́ lónìí lè ṣe pàtàkì ju ₦285,000 tó ń bọ̀ lọ́nà lọ. Ẹ̀yin tí ẹ wà níbẹ̀ lẹ mọ̀ bóyá ọjà ṣì ń jáde láti sítọ́ọ̀. Bí ilé-iṣẹ́ bá ṣì dúró, wọ́n fẹ́ ìbuwọ́lùwé yín ju bí ẹ̀yin ṣe fẹ́ owó wọn lọ. Ọjọ́ Ẹtì tí wọ́n dá yẹn, HR ló dá a, kì í ṣe òfin. Ẹ kọ ìlà méjì lọ́la pé ẹ ti gba ìwé náà, ẹ ń kà á, ẹ ó sì fún wọn lésì ní ọjọ́ méje sí i. Kí wọ́n fọwọ́ gbà á lórí ẹ̀dà tiyín.

Nígbà tí ẹ bá ń dúró, ẹ pe ilé-iṣẹ́ tó ń tọ́jú pẹ́ńṣàn yín kí wọ́n fi àkọsílẹ̀ owó tó ti wọlé ránṣẹ́. Òfin 2014 ní kí agbanisíṣẹ́ fi ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún, kí òṣìṣẹ́ fi ìdá 8, kó sì dé inú àkáǹtì láàárín ọjọ́ iṣẹ́ méje lẹ́yìn owó oṣù. Ẹ yẹ ẹ̀ wò ní oṣù kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe àpapọ̀ nìkan. Bí ẹ ò bá tíì pé 50 ọdún, tí oṣù mẹ́rin bá kọjá tí ẹ ò rí iṣẹ́, ẹ lè béèrè fún ìdá 25 nínú rẹ̀. Wọ́n á béèrè lẹ́tà tí ilé-iṣẹ́ fi dá yín dúró, ẹ má kúrò ní ilé-iṣẹ́ láìgbà á. Bí ẹ bá sì rí i pé wọ́n yọ owó orí lára owó rìdọ́ńdáńsì, ẹ béèrè ìdí: ṣáájú 2026, irú owó bẹ́ẹ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ owó orí tí kò bá ju mílíọ̀nù 10 náírà lọ, òfin owó orí tuntun sì ti gbé e dé mílíọ̀nù 50 láti oṣù kìíní 2026.

Mi ò rí ìwé yín, ohun tí ẹ kọ ni mo fi dáhùn. Ó lè jẹ́ pé handbook yín sọ gbangba pé ọdún kàṣúálì kò kà, kí lọ́yà náà sì sọ fún yín lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú pé kò sóhun tí òun fẹ́ ṣe sí i, àfi kí wọ́n fi nótíìsì àti lífù kún un. Bí ó bá sọ bẹ́ẹ̀, ẹ sanwó rẹ̀, ẹ lọ fọwọ́ sí i, kí ẹ sì mú ẹ̀dà tí àwọn náà ti fọwọ́ sí dání kí ẹ tó jáde ní géètì.